Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ohun Tí Igi Àgbàlá Kan ní Òkè-Àgbò Kọ́ Wa

Bí ẹ bá ṣí ìwé Jẹ́nẹ́sísì sí orí kejì, níbi tí a ti sọ ìtàn ọgbà Édẹ́nì, ẹ ó rí i pé ẹwà igi ni a kọ́kọ́ mẹ́nu kàn kí a tó sọ̀rọ̀ jíjẹ. Ìyẹn ni pé kí Ádámù tó já èso kan sẹ́nu, Ọlọ́run ti fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí ohun tó dára. A ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n a kò dúró rò ó títí di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ igi fẹ́ da ilé wa rú ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Màmá wa ránṣẹ́ sí wa ní Èkó pé kí á tètè wá. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé lókè òkun ti fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gé gbogbo igi tó wà nínú àgbàlá, kí wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ilẹ̀ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Bíríkìlà ti wá wọn ilẹ̀. Màmá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ wá wò ó ná. Bàbá yín ló gbìn wọ́n."

Ìlú tí igbó wà nínú orúkọ rẹ̀

A kó àwọn ọmọ wa mẹ́ta sínú ọkọ̀, a gba Ìjẹ̀bú-Òde, a gba Òru, a sì kọrí sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí a ṣe ń lọ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó gẹdú ń pàdé wa lọ́nà. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ pé ìlú onípákó ni. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ sọ́míìlì kọjá, ariwo ẹ̀rọ tí ń la igi yóò gba etí yín, òórùn pákó tútù yóò sì gba imú yín. Ìlú márùn-ún ló para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó: Òkè-Ṣopẹn, Ojowo, Atikori, Japara àti Òkè-Àgbò tiwa.

Àbíkẹ́yìn wa, tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sí ibẹ̀, bi wá pé, "Ṣé Igbó ni wọ́n ń pe ibí? Igbó ọ̀hún dà?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jẹ́ kí ọkàn wa sinmi. Ohun tí ọmọ rí ló sọ. Páànù ló tẹ̀ lé páànù, sìmẹ́ńtì ló tẹ̀ lé sìmẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ àgbàlá tí a mọ̀ nígbà èwe wa, tí igi àgbálùmọ̀ tàbí igi ọsàn máa ń ṣíji bò, ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lọ́sàn-án gangan, ooru tó ń ti ilẹ̀ kọnkéré dìde lè lé ènìyàn wọ inú yàrá, bí iná kò bá sì sí, inú yàrá náà kò ṣeé gbé.

Igbó náà ṣì wà, ó kàn jìnnà sí ilé ni. Ní apá ìlà-oòrùn wa ni igbó ọba tí à ń pè ní Omo wà. Ó fẹ̀ tó 130,000 hẹ́kítà, ní ọdún 1977 ni àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé ń fojú sí láti dáàbò bò. Níbẹ̀, ní apá tí wọ́n ń pè ní J4, ni ìjọba gbin igi gìmẹ̀línà lọ rẹpẹtẹ, igi tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, kí ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ṣíṣe bébà ní Ìwọ̀pin, ní Ogun Waterside, lè rí igi lò. Nítorí náà, àwọn ará agbègbè wa mọ igi gbìn, wọ́n sì mọ igi là. Ṣùgbọ́n igi tí a gbìn láti là yàtọ̀ sí igi tí a gbìn láti bá gbé. Èyí tí a ó là ń lọ ni. Èyí tí a ó bá gbé ni àwọn ọmọ wa yóò bá nílé.

Oríṣi igi mẹ́rin

Nígbà tí a dé ilé, a kò tíì jókòó tí Màmá fi mú wa yí àgbàlá ká. Ọ̀dán ni a kọ́kọ́ kàn. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Màmá, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ sí ògiri. Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kò tilẹ̀ pinnu láti gbìn ín. Òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti máa so ewúrẹ́ mọ́ ló ta gbòǹgbò tó di igi. Abẹ́ rẹ̀ tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ògiri sì ti sán láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé.

Ẹnu géètì ni akòko méjì dúró sí bí ọlọ́dẹ, wọ́n ga tọ́ọ́rọ́, ẹ̀ka wọn kò fẹ̀ lọ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní iwájú pátápátá, tó jìnnà sí ilé, ni igi pánṣẹ́kẹ́ wà, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní flamboyant. Àkókò tó ń tanná ni a bá a, ó pupa fòò títí dé orí. Abẹ́ rẹ̀ ni àga Màmá wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka Bíbélì wọn lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń dúró kí wọn, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ti ń gba omi mu. Lẹ́yìn náà ni olómi òjò tó ṣe ọgbà yí ẹ̀gbẹ́ ilé ká, òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ ìyeyè, èso rẹ̀ tútù sì ń jábọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, gbogbo wa sì ń gbọ́ ohùn wọn. Wọn kì í ṣe aláìnírònú ènìyàn. Wọ́n ní, "Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí ewé tútù bá yọ̀ wọ́n ṣubú, ta ló máa gbé wọn? Ṣé ẹ rí ògiri yẹn? Bí ejò bá fara pamọ́ sábẹ́ ewé ńkọ́?" Kò sí èyí tí kì í ṣe òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀ lọ́tọ̀. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà ti sọ fún Màmá pé igi òrìṣà ni akòko, pé ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń joyè, kò sì yẹ kó wà lẹ́nu géètì onígbàgbọ́. Aládùúgbò kan sì ní tirẹ̀ gba Màmá nímọ̀ràn pé bí wọ́n bá gé akòko tán, kí wọ́n gbin àjẹ́kòbàlé dípò rẹ̀, kí àwọn ayé má baà rí ilé náà wọ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n gé igi nítorí ẹ̀rù, èkejì ní kí wọ́n gbin igi nítorí ẹ̀rù. Màmá ní, "Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá tẹ̀ lé."

Àwa náà rò ó. Òótọ́ ni pé ewé akòko ni a ń fi sí orí ẹni tó joyè nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n igi kò fi ara rẹ̀ joyè. Ẹlẹ́dàá ló dá a, àwọn ènìyàn ló sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bákan náà ni àjẹ́kòbàlé: igi tó rẹwà ni, ewé rẹ̀ ń dán bíi fàdákà lábẹ́, ẹni tó bá sì gbìn ín nítorí ẹwà rẹ̀ kò ṣẹ̀. Àmọ́ kò lè ṣọ́ ilé. Igi kì í ṣe ọ̀tá wa, igi kì í sì í ṣe olùgbàlà wa. Bí a bá ti yọ ẹ̀rù kúrò, ìbéèrè tó kù ni pé: ṣé igi yìí bá ibi tó wà mu?

Àṣìṣe tiwa

Kí ẹ má rò pé a gbọ́n ju Ẹ̀gbọ́n lọ. Nígbà tí a kọ́lé wa ní Èkó, igi furúùtù ni a fi inú dídùn gbìn, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ń tò ní ìpele ìpele bí àgbòòrùn. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré ni a fi sí àárín òun àti fẹ́ǹsì, torí pé ọmọ igi tí a rà kò ga ju orúnkún lọ. Lọ́dún kẹsàn-án, gbòǹgbò rẹ̀ ti fẹ́ǹsì, fẹ́ǹsì sì wó sínú àgbàlá aládùúgbò wa lóru ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ púpọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. A san owó fẹ́ǹsì, a san owó àwọn tó gé igi, a sì tọrọ àforíjì. Igi náà kò ṣẹ wá. Àwa ni a gbin igi ńlá sí àyè kékeré.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, a lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì, tó ń hu ọmọ igi sínú ọ̀rá tà báyìí. Bàbá tẹ̀ lé wa wá sílé. Wọn kò wo òkè igi rárá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ láti ìdí igi dé ògiri, dé kànga, dé kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dé abẹ́ wáyà iná. Ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi wá: "Bó bá dàgbà tán, ibo ló máa dúró sí?" Wọ́n ní ohun tó ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà ni pé ọmọ igi tí wọ́n gbé lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá àyè fún, wọn kì í wá àyè fún igi tó ń bọ̀.

Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyí. A gé ọ̀dán, a hú ìdí rẹ̀, torí pé ọ̀dán kì í ṣe igi ẹ̀gbẹ́ ilé. Ojúde ọjà àti iwájú ààfin ni àwọn bàbá wa máa ń gbìn ín sí, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. A hú olómi òjò náà, tèrotèro ni a sì fi hú u. Igi ọ̀ṣọ́ tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gbóná ni, ṣùgbọ́n májèlé ni gbogbo ara rẹ̀, kóró inú èso rẹ̀ ló burú jù, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ti ti ọwọ́ kóró yìí lọ. Ilé tí ọmọdé bá wà, ẹ má gbìn ín, bẹ́ẹ̀ náà ni lápálápá tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà, nítorí kóró tirẹ̀ náà léwu fún ọmọ tó bá jẹ ẹ́.

Akòko méjèèjì dúró. Pánṣẹ́kẹ́ dúró. Owó kọnkéré tí Ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ ńkọ́? A fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tún ògiri ṣe, a fi díẹ̀ ṣe ọ̀nà kékeré kan tí kò ń yọ̀ láti ẹnu ọ̀nà Màmá dé abẹ́ pánṣẹ́kẹ́, a sì fi irin tí wọ́n lè dì mú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ohun tí mo fẹ́ náà nìyẹn. Kí wọ́n má ṣáà ṣubú."

Bí ẹ bá fẹ́ yan igi ọ̀ṣọ́

Àwọn ẹ̀kọ́ tí a rí gbà lọ́wọ́ Bàbá àti èyí tí ojú wa ti rí ni a tò sísàlẹ̀ yìí fún ìdílé tó bá fẹ́ gbìn.

Fún àyè tó fẹ̀: Pánṣẹ́kẹ́ dára púpọ̀. Erékùṣù Madagásíkà ni ilẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ilé ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, nítorí orí rẹ̀ ń fẹ̀ bí agbòjò, gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn, ẹ̀ka rẹ̀ sì lè fà ya nínú ìjì. Òrúrù náà wà níbẹ̀, tó ń tanná pupa bí ẹ̀yin iná, tí àwọn ọmọ ń fi omi inú ìrudi rẹ̀ ta ara wọn. Igi igbó tiwa ni. Àwọn ará òkè òkun ti kó o lọ gbìn ṣe ọ̀ṣọ́ dé Hawaii àti Fiji, ó sì ti hù kọjá ààlà níbẹ̀ débi pé wọ́n ń bá a jà bí èpò. Nílé níbí, kò léwu bẹ́ẹ̀, àmọ́ igi rẹ̀ kò le, ẹ má gbìn ín sí ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ lè wó lu òrùlé.

Fún àyè tó mọ níwọ̀n: Dóńgóyárò kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ọ̀dá, ó sì ń ṣíji dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ogún ẹsẹ̀ bàtà sí ògiri àti kànga. Àgbálùmọ̀ jẹ́ ọ̀ṣọ́ àti oúnjẹ pa pọ̀. Ó ń pẹ́ kó tó so, nítorí náà ẹ gbìn ín fún àwọn ọmọ yín.

Fún ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì: Akòko dára, pérégún dára. Igi kan tún wà tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè ní masquerade, torí pé ewé rẹ̀ ṣẹ́ wálẹ̀ bí aṣọ eégún. Kí orúkọ náà má dẹ́rù bà yín, igi láti Íńdíà àti Sri Lanka ni. Ó ń ga lọ sókè láì fẹ̀, ó ń dín ariwo àti eruku títì kù. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí àárín ọ̀kan àti èkejì, kí ẹ sì rí i pé wáyà iná kò sí lókè wọn.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ̀rètí nù. Nígbà tí a kọjá sí Ago-Ìwòyè, níbi tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ sí ní ọdún 1982, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Olabisi Onabanjo láti ọdún 2001, a rí bí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fara mọ́ra. Níbẹ̀, ixora nínú ìkòkò ńlá tàbí kẹ́ẹ̀gì tí a gé tó láti sọ ẹnu ọ̀nà di ibi tí ojú ń fẹ́ wò. Àwọn ará wa ní etí omi, ní Ogun Waterside tí iyanrìn pọ̀, lè gbin àgbọn àti furúùtù, torí àwọn igi wọ̀nyí fẹ́ràn iyanrìn, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í sì í dà wọ́n láàmú.

Bí a ṣe ń gbìn ín

Àsìkò tó dára jù ni ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje, kí gbòǹgbò lè ti mú ilẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó sì fẹ̀ ní méjì. Ẹ ya erùpẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò. Ẹ ya ọ̀rá kúrò láì fọ́ erùpẹ̀ inú rẹ̀, kí ẹ gbìn ín bó ṣe jìn nínú ọ̀rá, kí ẹ má bò ó jù. Ẹ fi ewé gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká kí omi má baà tètè gbẹ, ṣùgbọ́n kí ewé náà má kan ara igi.

Ẹni tó fẹ́ fi kóró gbin pánṣẹ́kẹ́ ní láti da omi gbígbóná lé e, kó sì fi sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì, torí èèpo rẹ̀ le. Kóró dóńgóyárò àti ti masquerade kì í pẹ́ kú, kíá ni kí ẹ gbìn wọ́n bí wọ́n bá ti já bọ́. Akòko àti pérégún ní tiwọn, ẹ̀ka tí a gé tí a sì rì mọ́lẹ̀ ti tó.

Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ọyẹ́ pa wọ́n. Garawa omi kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọparun ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Àwọn àgbà sì ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ yà sí ibi tí kò yẹ, ẹ gé e nígbà tí ọ̀bẹ ṣì lè ràn án.

Nígbà ọyẹ́

Igi masquerade mẹ́fà ni àwọn ọmọ wa bá Màmá gbìn sí ibi tí olómi òjò wà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní méjì tirẹ̀. Nígbà tí a padà lọ ní oṣù kìíní, márùn-ún ló yè. Ewúrẹ́ ti jẹ ọ̀kan, ti àbíkẹ́yìn wa ni, ó sì sunkún sí i gidigidi. A bá a gbin òmíràn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀.

Pánṣẹ́kẹ́ ti wọ́wé pátápátá nígbà náà, bó ṣe máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn èèpo èso rẹ̀ gígùn nìkan ló kù tó ń mì ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú atẹ́gùn. A wo abẹ́ rẹ̀, a kò rí àga Màmá. Ẹ̀rù bà wá díẹ̀. Ìgbà tí a wo ẹnu géètì ni a rí wọn níbẹ̀, lábẹ́ akòko tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, Bíbélì wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Arábìnrin ẹgbẹ́ àdúrà tó ní kí wọ́n gé igi náà jókòó tì wọ́n, ó ń bó ẹ̀pà, ó sì ń fi èèpo rẹ̀ sí ìdí àwọn ọmọ igi.

Ẹ̀yin ará, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí òjò ọdún yìí tó lọ, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn àgbàlá yín, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè Bàbá onígi, kí ẹ sì gbin ẹyọ kan. Kí Ọlọ́run mú un hù, kí ó sì jẹ́ kí a jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Àmín.